Omi Tútù fún Ẹ́ńjìnnì Gbígbóná

Ogún ọdún gbáko ni Ẹlẹ́ṣin fi wa kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà. Nígbà tí ogun dé, ìjọba kó lọ́rì wọlú, wọ́n gba ẹṣin rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Ẹrù tí ogójì ẹṣin ń gbé lọ́jọ́ mẹ́ta, lọ́rì kan ń gbé e láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fọ ogún ọdún kúrò lára èèyàn?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lọ́rì méjì kó ọta ìbọn lọ bá àwọn sójà tí ọ̀tá ká mọ́ orí òkè; Ẹlẹ́ṣin ló wa èyí tó wà lẹ́yìn. Àbúrò Ẹlẹ́ṣin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, wà lára àwọn sójà náà. Nígbà tí wọ́n gun òkè náà dé ìdajì, omi inú ẹ́ńjìnnì méjèèjì ń hó yaya.

Sájẹ́ńtì tó ń darí wọn pariwo pé, "Ẹ bomi sí i, ká máa lọ!"

Awakọ̀ iwájú ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó da omi tútù sínú tirẹ̀. Ẹlẹ́ṣin gbé agolo omi tiẹ̀ sílẹ̀. Ẹṣin tó bá sáré dé tó ń làágùn, a kì í fún un lómi tútù, kí inú má baà run ún pa.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń wò?"

"Ẹ jẹ́ kó mí ná, sájẹ́ńtì. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́."

"Ẹ gbé òwe yẹn sílé! Irin kì í mí! Àwọn ọmọ yẹn ń kú lókè!"

Òótọ́ ni. Ìbọn tó ti ń rọ̀ bí òjò lókè ti di ẹyọ kan, ẹyọ kan. Ọta ń tán lọ́wọ́ wọn. Ẹlẹ́ṣin ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ kò fọwọ́ kan agolo náà. Lójijì, lọ́rì iwájú dún gbàù: omi tútù ti mú kí irin gbígbóná inú rẹ̀ là. Wọ́n sáré kó ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn lọ́rì kejì. Ìgbà tí irin tutù tó fọwọ́ bà ni Ẹlẹ́ṣin tó rọra bomi sí i, ó sì gbéra.

Wọ́n dé kí ọ̀tá tó ya bo àwọn sójà náà, òkè náà kò sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àbúrò rẹ̀ jókòó ti àpáta kan, láàyè, ó gbé orí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lé itan. Ọ̀rẹ́ náà ti kú, ara rẹ̀ ò tíì tutù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a gbọ́ ìró ọkọ̀ yín nísàlẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹ ti dé. Kí ló dá yín dúró?"

Lẹ́yìn ogun, gbogbo èèyàn ló sọ pé Ẹlẹ́ṣin ló jàre, títí kan sájẹ́ńtì. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó kàn wólẹ̀ síbẹ̀ ni, ó ń sunkún.