Ẹfun Inú Àpótí

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló ń ta lọ́fíńdà ní Muṣin nígbà tí mo wà lọ́mọge. Kò ní ta ìgò kan kó má kìlọ̀ fún oníbàárà pé: "Ẹ má dà á sáṣọ, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Ẹfun gbígbẹ ni kẹ́ ẹ kán an sí. Á mu ún, á wá máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ẹbí ọkọ wá pín ẹrù. Wọ́n kó agbádá, wọ́n kó fìlà. Ìgò lọ́fíńdà tí olóògbé máa ń fi lọ kírun Jímọ̀ nìkan ló tọrọ.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ìsàlẹ̀ ìgò ló kù o!"

"Ẹ ṣáà fún mi."

Ó ro gbogbo rẹ̀ sórí ẹfun mẹ́ta, ó fi aṣọ wé wọn, ó kó wọn sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Nígbà tí ọdún Iléyá dé, ó pè mí wọ yàrá, ó ṣí àpótí náà. Òórùn ọkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo bú sẹ́kún.

"Má sunkún," ló wí, ó rọra pa àpótí dé. "Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi sin ín. Èmi ò tíì ṣe tán láti jọ̀wọ́ ẹ̀."