Abọ́ Tó Ń Lọ sí Alajue

Nọ́ọ̀sì tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ní ọsibítù kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún àgbà. "Bàbá, ẹ máa rìn láràárọ̀ títí ẹ ó fi làágùn. Ẹ má sì dá a dúró o." Mo ní mo ti gbọ́. Ìyàwó mi ló máa ń rí sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òun ló ń ka oògùn sí mi lọ́wọ́, òun ló ń gba iyọ̀ lọ́wọ́ mi nídìí oúnjẹ. Ó ti kú. Àwọn ọmọ wà nínú fóònù, níbi tí ọmọ òde òní ń gbé.

Ìrìn fúnra rẹ̀ kò le. Ohun tó le ni pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bí mi ò bá rìn. Bí mo bá kírun àsùbáà tán tí mo padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ta ni yóò bá mi wí? Bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn níbẹ̀rẹ̀. Màá wo bàtà káńfáàsì tí ọmọ mi fi ránṣẹ́, màá sì yíjú sí ògiri.

Nígbà tó yá, inú ara mi bí mi, mo jáde. Ọ̀nà Alajue, àdúgbò kan nínú Ẹdẹ wa níbí, ni mo mú. Ṣùgbọ́n Ẹdẹ kì í ṣe ìlú tí àgbàlagbà ti lè máa yára rìn lásán. Èèyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ló ń lé e. Àgbà tó bá jáde ní kùtùkùtù, tí kò gbé nǹkan kan dání, ó fẹ́ lọ túfọ̀ òkú ni. A kì í fi fóònù túfọ̀ fún ẹni tó sún mọ́ òkú jù, ẹsẹ̀ la fi ń lọ. Nítorí náà, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ló ń dá mi dúró. "Bàbá, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí láburú kankan, eré ìdárayá ni. Wọ́n á tún béèrè. Ọlọ́kadà kan ní òun á gbé mi lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí Ọlọ́run.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń gbé ní Alajue, ilé rẹ̀ kọjú sọ́nà. Opó ni, òun nìkan ló sì wà nínú ilé. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rìn débẹ̀, ó ń gbálẹ̀ iwájú ilé. Ó gbójú sókè, ó rí mi lókèèrè. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó káwọ́ lérí, ó jókòó sórí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

"Èwo tún ni?" ló wí. "Àna mi, ta ló tún lọ?"

Ọ̀nà yìí kan náà, ní irú àsìkò yìí kan náà, lọ́wọ́ òfìfo, ni mo gbà wá sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ ti kú. Mo ní kò sẹ́ni tó lọ, pé àwọn ọsibítù ló ní kí n máa rìn. Ó sunkún tán kó tó gbà mí gbọ́. Èmi náà sunkún. Ojú tì mí, mo ní mi ò ní rìn mọ́.

Ó wọlé lọ, ó bu ẹ̀wà sínú abọ́ onídèérí kan, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ẹni tó gbé abọ́ dání kì í ṣe ẹni tó fẹ́ túfọ̀. Lọ́la, ẹ gbé e bọ̀. Bí mo bá ti rí abọ́, ọkàn mi á balẹ̀."

Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, abọ́ kì í padà lófìfo sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Mo fọ̀ ọ́, mo bu ẹ̀pà sísè sí i, mo gbé e lọ. Òun náà kò jẹ́ kó padà lófìfo. Ó já ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Òjò rọ̀, mo gbé agboòrùn. Orúnkún ń ro mí, mo tiro lọ. Ọ̀rọ̀ wa kì í pọ̀. Á ní, "Ẹ kú ìrìn o," màá ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá." Màá jókòó sórí pèpéle díẹ̀, màá dìde. Nígbà tí mo padà sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì yìn mí, ó ní ìpinnu mi le. Mi ò sọ fún un pé abọ́ ni.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ọmọ rẹ̀ wá láti Èkó, ó ní ìyá òun kò gbọdọ̀ dá gbé mọ́, ó sì mú un lọ. Abọ́ wà lọ́dọ̀ mi. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo jẹ ẹ̀wà tó bù sí i kẹ́yìn, mo fọ̀ ọ́. Wọ́n ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Mo dá nìkan wà, ó sì dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ.

Ilẹ̀ mọ́, mo kírun. Mo wo bẹ́ẹ̀dì, mo wo abọ́. Mo bu ẹ̀pà sí i, mo wọ bàtà. Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ewé sì ti bo iwájú ilé. Mo jókòó sórí pèpéle, mo jẹ ẹ̀pà náà fúnra mi, mo gbé abọ́ òfìfo, mo kọrí sílé.

Ní ìdajì ọ̀nà, ọlọ́kadà ìjọ́sí dúró. "Bàbá, ṣé kò sí o?"

Mo gbé abọ́ sókè kó rí i. "Kò sí o. Abọ́ ni mo fẹ́ dá padà, mi ò bá olóhun nílé."

"Ẹ ó bá wọn lọ́la," ló wí, ó sì wa ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Mo ṣe àmín. Ó ti jìnnà kí n tó ṣe é.