Òótọ́ Kan Ṣoṣo Tí Mo Sọ fún Télọ̀

Irọ́ tí mo ti pa fún ọ̀rẹ́ mi, télọ̀ ará Ọ̀mù-Àrán, kò lè wọ inú àpò ẹ̀wà. Mo sọ fún un pé òjò lé mi lórí máṣíìnì láti Malete wọ Ìlọrin, pé ẹ̀yìn mi tutù, àyà mi gbẹ. Ó gbà. Mo ní ejò ere kan gun ẹ̀yìn mi rí, mo gbé e dé Ọ̀fà Garage, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì dúpẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un lọ́wọ́. Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo wá sọ fún un, òun ni kò gbà, òun náà ló sì fi kọ̀ mí.

Ọjà Ìpàtà ni àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ jẹun, òun nídìí ìránṣọ, èmi tí wọ́n ń pè ní Alfa nídìí ẹ̀wà tí mò ń tà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, oníkálukú á gun máṣíìnì tirẹ̀, ẹnì kan á ṣíwájú, ẹnì kejì á tẹ̀lé e, títí dé àdúgbò. Mo wá ra iná bíréèkì pupa gbọọrọ kan, mo ní kí wọ́n so ó mọ́ èyí tó wà lẹ́yìn máṣíìnì tẹ́lẹ̀. Mo fọ́nnu pé tí mo bá tẹ bíréèkì, gbogbo àkùkọ Ìlọrin ni yóò kọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e jáde, ewúrẹ́ kan já lu títì. Mo tẹ bíréèkì. Kàkà kí iná náà mọ́lẹ̀ sí i, ńṣe ni ẹ̀yìn mi ṣókùnkùn biribiri. Ọ̀rẹ́ mi tó ń tẹ̀lé mi bọ̀ kọ lù mí, gbì! Ọrùn ọwọ́ tó fi ń gé aṣọ ló kán.

Rewáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tó yẹ máṣíìnì náà wò ló rí àléébù rẹ̀. Orí ọ̀dà ara irin ni ẹni tó so iná náà de wáyà ẹ́ẹ̀tì àwọn iná méjèèjì mọ́, wáyà tó ń dá iná padà sí bátìrì, kò ha ọ̀dà kí wáyà kan irin. Iná kò rí ọ̀nà padà sí bátìrì, ló bá ń fipá gba inú gílóòbù tó kù, tí mo bá ti tẹ bíréèkì, gbogbo rẹ̀ á kú. Ó ha á, ó dè é padà. Iná tàn yòò.

Mo sáré lọ bá ọ̀rẹ́ mi nílé. Wọ́n ti di ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn.

"Télọ̀, ọ̀dà ló fà á."

"Ọ̀dà wo?"

"Ọ̀dà ara irin. Òun ló pa iná nígbà tí mo tẹ bíréèkì."

Ó wò mí. "Alfa, o tẹ iná kó tàn, ó kú. Ọ̀dà ló sì pa á."

"Wàláhì!"

"Ṣé Wàláhì tí o fi búra lórí ọ̀rọ̀ ere yẹn náà nìyẹn?"

"Jáde wá wò ó, mà á tẹ̀ ẹ́ lójú ẹ."

"O pa iná kí n lè ṣubú, kí o lè rí ìtàn tuntun sọ ní Ìpàtà. Máa lọ ilé ẹ."

Ọwọ́ náà ti jinná, kò kàn fi bẹ́ẹ̀ di abẹ́rẹ́ mú mọ́ ni. A kì í kí ara wa. Ó dùn mí dé egungun. Ẹni tó ti ń fi irọ́ mi ṣe fàájì láti ìgbà èwe wa, òun ló wá ń pè mí ní ìkà.

Láìpẹ́ yìí, òun náà ra irú iná yẹn, ẹni tó so tèmi ló sì so ó fún un. Mo rán ìyàwó rẹ̀ sí i pé kó ní kí wọ́n ha ọ̀dà. Ó ní irọ́ mi tún ti dé.

Èmi ni mo ń tẹ̀lé e lẹ́yìn nírọ̀lẹ́ báyìí, mo máa ń jìnnà sí i dáadáa. Tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ṣókùnkùn, mo mọ̀ pé ó ti tẹ bíréèkì, èmi náà á sì tẹ tèmi.