Ìwé Àdéhùn Láàárín Télọ̀ àti Onígbàjámọ̀

Fún ogún ọdún, bàbá mi tó jẹ́ télọ̀ ń rán ṣòkòtò ọ̀rẹ́ rẹ̀ onígbàjámọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn náà ń gé irun rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ tí onígbàjámọ̀ wá yá owó ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ bàbá mi, ìyá mi ní àfi kó fọwọ́ síwèé.

"Ìyàwó wa, ṣé mo fẹ́ sá lọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ àdéhùn gan-an, ó san gbogbo rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi tún lọ gẹrun, ọ̀rẹ́ rẹ̀ gé e dáadáa, ó gbowó, ó sì fi rìsíìtì lé e lọ́wọ́.

"Ìwé ló dáa, ọ̀rẹ́ mi."

Bàbá mi délé, ó jókòó ti máṣíìnì rẹ̀, rìsíìtì náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi ní irun náà bá a mu.

"Ó rẹ̀ mí," ni bàbá mi wí.