Ọ̀já Ìyá Mi Lọ́jọ́ Ẹ̀fẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n sọ ohun tójú mi rí ní Pobè, nígbà tí Dahomey ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira.

Òjò àkọ́rọ̀ kọ̀, kò rọ̀. Èéyi tún pa ọmọ méjì ládùúgbò wa. Ta ni wọ́n dì í rù? Ìyá mi ni! Opó tó ń ta gàrí lọ́jà Sakété, tí kì í gba ìgbàkugbà. Wọ́n ní àjẹ́ ni.

Àsìkò yẹn gan-an la sì máa ń ṣe Ẹ̀fẹ̀, òru tí a fi ń tu àwọn ìyá wa nínú. (Ẹ mọ àwọn tí mò ń wí. Ẹ má jẹ́ kí n pè wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ!) Àwọn àgbà ní nǹkan ò gún fún ìlú láyé ọjọ́un, àfìgbà táwọn ọkùnrin wọ aṣọ obìnrin, tí wọ́n jó, tí wọ́n bẹ̀bẹ̀. Ìdí nìyẹn tí eléfẹ̀, ọkùnrin tó ń kọrin lóru náà, fi ń yá ọ̀já ìpọnmọ lọ́wọ́ àwa obìnrin láti fi múra. Ẹni tí eléfẹ̀ bá sì fi orin bú lóru ọjọ́ náà, ìlú ò ní gbà á mọ́.

Wọ́n ta mí lólobó pé Bánkọ́lé, eléfẹ̀ wa, ti fi orúkọ ìyá mi sórin. Mo ní ká sá lọ sílé ọkọ mi ní Yoko. Ìyá mi ká ọ̀já rẹ̀, ó forí lé ilé tí wọ́n ti ń múra fún eléfẹ̀. Mo tẹ̀lé e.

Àwọn obìnrin tó ń kó ọ̀já wá yà fún un lọ́nà. Ìyá mi na tirẹ̀ sí Bánkọ́lé.

“Ọ̀já tí mo fi pọ̀n ẹ́ nìyí, nígbà tí ìyá ẹ ń ṣàìsàn. Dì í mọ́ra, kó o fi bú mi.”

Bánkọ́lé gbà á. Ni ìyá àgbà tó jẹ́ ìyá ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí èéyi pa bá dìde. Mo rò pé èpè ló fẹ́ ṣẹ́! Ó fa ọ̀já tirẹ̀ yọ nínú òkìtì aṣọ, ó ní òun ò ní yá ẹnikẹ́ni láṣọ ìyá kó fi bú ìyá. Òmíràn tún mú tirẹ̀, òmíràn tún mú tirẹ̀. Báwo ni eléfẹ̀ á ṣe wá jáde láìsí ọ̀já? Bánkọ́lé dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ti yọ orin náà.

Ṣé ọkàn mi balẹ̀? Rárá o! Ọwọ́ ìyá mi ni mo dì mú títí ilẹ̀ fi mọ́. Bánkọ́lé kọrin títí, kò dárúkọ rẹ̀. Òjò ò sì tíì rọ̀.

Wọ́n ṣì ń bi mí bóyá àjẹ́ ni lóòótọ́. N kò bi í rí. Ohun tí mo kọ́ ni pé ká tó pe ẹnikẹ́ni lájẹ̀ẹ́, ká rántí ẹ̀yìn tó gbé wa.

Ẹ̀yin ńkọ́? Wọ́n ti pe ìyá tiyín bẹ́ẹ̀ rí? Ta ló dìde fún un? Ẹ sọ fún mi. Ọ̀já yẹn wà nínú àpótí mi níbí. Bánkọ́lé fúnra rẹ̀ ló fọ̀ ọ́ kó tó dá a padà.