Ọjọ́ tí Mọ́mì Kúnlẹ̀ fún Tíṣà

Mo rántí ìgbà tí ọkàn mi kì í balẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí, Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù la ń gbé, ẹnu mi sì mú ju abẹ lọ. Ẹnu yìí náà ló kó bá mi: mo ń bá àwọn tíṣà jiyàn títí wọ́n fi lé mi kúrò ní sẹ́kọ́ńdìrì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nítòsí wa ní yàrá méjì tí wọ́n ti ń kọ́ irú wa, àwọn ọmọ tí sẹ́kọ́ńdìrì ti kọ̀, ká lè ṣe ìdánwò wa níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé mi lọ.

Ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún Mọ́mì? Mo ní wọ́n gbé mi sókè ni, pé orí mi pé ju ti ẹgbẹ́ mi lọ. Háà! Kí Jímọ̀ tó kọjá, Mọ́mì ti ṣe sàráà mọ́sà ní mọ́sálásí, Àlùfáà ti ṣàdúà fún mi, gbogbo ìyá tó bá rí mi ní títì Rye Lane ló ń kí mi ní "ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì." Ẹ̀yìn ilé ni mo wá ń gbà lọ wọ bọ́ọ̀sì, kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí ohun tí mò ń kọ́. Bí mo ṣe ń pẹ́ dé nìyẹn.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí mo pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kẹta, tíṣà wa, obìnrin òyìnbó kan tí kì í pariwo, ní kí n mú ìyá mi wá, pé ó lè jẹ́ pé àyè mi ti bọ́ nìyẹn. Bó bá bọ́, kò síbi tó tún máa gbà mí. Láti kékeré lèmi ti ń ṣe ògbufọ̀ fún Mọ́mì, ní kánsù, lọ́dọ̀ dókítà. Mo pinnu pé bí tíṣà bá sọ dúdú, funfun ni màá túmọ̀. Ẹ ò rí ọ̀dọ̀yọ̀!

Mọ́mì ò tiẹ̀ jẹ́ kí tíṣà la ẹnu. Bí a ṣe wọlé, wọ́n ti kúnlẹ̀, wọ́n di ọwọ́ tíṣà mú, wọ́n ń fi Yorùbá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé ọmọ wọn sókè, omi ń bọ́ lójú wọn. Ojú tíṣà pọ́n wẹ̀.

Ó ní, "Jọ̀ọ́, sọ fún màmá ẹ kí wọ́n dìde. Ọ̀rọ̀ yìí ò tó ohun tí wọ́n á máa bẹ̀ mí báyìí. Mo fún ẹ ní sáà kan sí i."

"Kí ni wọ́n wí?" Mọ́mì bi mí.

Irọ́ tí mo ti tò sílẹ̀ ò jáde. Mo bú sẹ́kún, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, títí kan pé ẹ̀bẹ̀ ni tíṣà pe ọpẹ́ wọn. Mo ń retí ìgbátí. Mọ́mì ò dìde.

"Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n pè é?" Wọ́n tún di ọwọ́ tíṣà mú. "Ó dáa. Sọ fún wọn pé ẹ̀bẹ̀ ni."

Mo túmọ̀ ẹ̀. Ó ti pẹ́ báyìí, mo ṣe ìdánwò náà, mo sì yege. Mọ́mì ò fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn gún mi lára rí, kódà nígbà tí mo bá ṣẹ̀ wọ́n. Nígbà míì mo máa ń rò ó pé ì bá sàn kí wọ́n ti gbá mi létí lọ́jọ́ náà, kó tán síbẹ̀.