Bí Mo Ṣe Gba Láísẹ́ǹsì Ejẹ́ńtì Ilé fún Àwọn Faransé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí kí n tó di ejẹ́ńtì ilé tó ní láísẹ́ǹsì. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n èmi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà!

Ìgbà tí owó epo dé Èkó ni. Àwọn Faransé tó ń ṣe ọ̀nà ń wá ilé káàkiri Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, wọn ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀. Èmi rèé, Kùtọnu ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mo gbọ́ Faransé yó. Ni mo bá fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, mo di ejẹ́ńtì. Ọkọ mi ní ṣé orí mi pé?

Ọ̀gá Faransé kan ní òun fẹ́ ilé mẹ́fà lọ́wọ́ mi, àfi kí n mú láísẹ́ǹsì wá lọ́jọ́ Ẹtì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n ní ó ku nǹkan kan: kí onílé méjì tí mo ti bá wá ayálégbé rí fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù mi pé n kì í parọ́. Méjì péré ni mo sì ní láyé mi! Ẹni àkọ́kọ́ fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kejì ni Bàbá Délé ní Ṣógúnlé. Yéè!

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ti fi bàbá yìí ṣe? Ó ti kìlọ̀ fún mi pé ẹni tó bá ní ju ọmọ méjì lọ ò gbọ́dọ̀ wọ ilé òun. Mo mú ọkùnrin ará Ìkirè kan lọ, jẹ́jẹ́ báyìí, ó fa ọmọ méjì lọ́wọ́. Mo kọ méjì sínú ìwé. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó dé ńkọ́? N ò ní ka ọmọ ọlọ́mọ o, ṣùgbọ́n wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì, wọn ò tán! Bàbá Délé ní ṣé ilé ìwé ni mo kó wá fún òun ni. Ó pè mí ní òpùrọ́, ó ní kí n má dé ẹnu ọ̀nà òun mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo forí lé Ṣógúnlé. Mo kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá, mo na fọ́ọ̀mù sí i pé kó bá mi fọwọ́ sí i. Ó ń tún rédíò ṣe, kò wojú mi.

Ó ní kí ló dé tí n ò bi ọkùnrin yẹn ní iye ọmọ tó bí.

Mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Mo fẹ́ bi í, ẹnu mi ò gbà á. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwọn tí mo rí ni mo kọ.”

“Irọ́ ni!” Ó gbé rédíò sílẹ̀, ó ní, “Èmi ńkọ́? Ọmọ mélòó ni mo bí?”

Háà! Gbogbo wọn ni mo mọ̀ lórúkọ. Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n, sà. Ọlọ́run á bá yín dá wọn sí.”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín! Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó dé, ayálégbé náà ń dọ̀bálẹ̀ kí òun láràárọ̀, òun náà ò sì tíì lè la ẹnu sọ pé ọmọ rẹ̀ pọ̀. Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ènìyàn? Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìbínú fi já lé èmi nìkan lórí.

“Mú fọ́ọ̀mù yẹn wá, jàre.”

Ẹ ò lè mọ bí ara ṣe tù mí tó! Bó ṣe fọwọ́ sí i báyìí, orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún. Lọ́jọ́ Ẹtì, láísẹ́ǹsì ti wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹ̀kọ́ ilé dáa, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìtìjú máa báni ṣiṣẹ́. Ní báyìí, ohun tí mo máa ń béèrè ni pé ẹni mélòó ló máa sùn nínú yàrá. Kò sẹ́ni tó bínú sí i rí. Ẹ̀yin ńkọ́, ìtìjú ti kó yín sí wàhálà rí? Ẹ sọ tiyín, ká jọ gbọ́.

Ọ̀gá Faransé ńkọ́? Ó yẹ ìwé mi wò, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó wá fi ẹ̀rín bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí. Mo ní wọ́n wà, a dúpẹ́.